Kọ́kọ́rọ́ Orí Ìṣó

Èbúté Mẹ́ta,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Mọ́rẹ́nikẹ́, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Má jẹ́ kí àyà rẹ já. Kò sí ẹni tó ń ṣàìsàn nílé. Èmi ń jẹun, ìyá rẹ ń jẹun, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí o gbé sí ẹnu géètì lọ́sẹ̀ tó kọjá ṣì kù. Mo mọ̀ pé bí bàbá tó wà ní Èbúté Mẹ́ta bá kọ lẹ́tà sí ọmọ tó wà ní Yábà, níbi tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé, ọmọ náà á rò pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Nǹkan ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe lónìí. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún.

Mo ti pè ọ́ lẹ́ẹ̀mejì láti àárọ̀. O ní, "Dádì, mo wà ní kíláàsì, ẹ jẹ́ n pè yín padà." Mi ò bínú, iṣẹ́ ni. Èmi náà ò sì dá ara mi lójú pé màá lè fi ẹnu sọ ọ́ tán, nítorí ìwọ àti ìyá rẹ kì í jẹ́ kí èèyàn parí ọ̀rọ̀. Ìwé kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ èèyàn lẹ́nu. Tí o bá gbé ọjà wá lọ́jọ́rú, ìyá rẹ á na lẹ́tà yìí sí ọ láàárín irin géètì. Jọ̀ọ́, kà á tán kí ọjọ́ Ẹtì tó dé. Ọjọ́ Ẹtì yẹn gan-an ni mò ń bá sáré.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ yọ̀ fún ọ. Nígbà tí o gba iṣẹ́ yìí, àrùn Kòrónà ò jẹ́ ká lè jókòó pọ̀ jẹ ìrẹsì lásán. Ẹ̀yìn géètì ni mo wà tí mo ń gbàdúrà fún ọ, ìwọ wà lójú títì, o fi ìbòmú bo ẹ̀rín rẹ. Ọmọ pọ́tà di olùkọ́ ní yunifásítì. Mo fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n jókòó sí ẹnu ọ̀nà àwọn tó ń kàwé, mi ò wọ kíláàsì kankan rí. Ní báyìí, wọ́n tún fi ọ́ ṣe alábòójútó àwọn ọmọ ọdún kìn-ín-ní, ní sáà tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Ó yà mí lẹ́nu, mo sì fẹ́ mọ̀ bí ẹ ṣe ń ṣe é.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń yọjú lójú fèrèsé lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí iná lọ ní ọ̀dọ̀ rẹ tí o wá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò wa níta, láì wọlé, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rẹ. O rò pé mò ń sùn. Mo rí àwọn àpótí dúdú kéékèèké lójú kọ̀ǹpútà náà, orúkọ kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí ojú kankan. O ń sọ̀rọ̀ lọ, o ń béèrè pé, "Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Ẹnìkan á ní, "Yes, Ma," ó parí. Mo ń bi ara mi pé, báwo ló ṣe mọ̀ pé èèyàn wà lẹ́yìn orúkọ? Tí ọ̀kan bá ń din dòdò lọ́wọ́ ńkọ́? Tí ọ̀kan bá ń sunkún ńkọ́?

Mo wá rí orúkọ kan tó ń wọlé tó ń jáde. Bùkọ́lá. Ó wọlé, ó pòórá. Ó tún wọlé, ó pòórá. Ó wọlé lẹ́ẹ̀kẹta, ó lọ, kò padà wá mọ́. Nígbà tí o parí mo bi ọ́ pé kí ló ń ṣe èyí. O rẹ́rìn-ín, o ní, "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, Dádì." O ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í gbé fóònù, kì í fèsì sí ìwé, kò ṣe iṣẹ́ kankan tí o fún wọn. O ní tó bá di ọjọ́ Ẹtì, ìwọ á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé ìdánwò, òun àti àwọn mẹ́rin mìíràn, ọdún yìí á sì bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. O ní bí òfin ẹ̀ka yín ṣe wí nìyẹn.

Láti ọjọ́ yẹn, "nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni" ò kúrò létí mi. Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ọ.

O máa ń pè mí ní Bàbá Oníbéèrè. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ kì í fẹ́ kí n bá wọn jókòó, wọ́n ní mo máa ń béèrè orúkọ ìyá-ìyá èèyàn. Wọn ò bí mi bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, mi kì í béèrè nǹkan kan. Mo ti mọ gbogbo ẹ̀ tán.

Wọ́n gbà mí síṣẹ́ pọ́tà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ọkùnrin ní yunifásítì. Iṣẹ́ pọ́tà nígbà náà, kọ́kọ́rọ́ ni. Pátákó kan wà lẹ́yìn mi tó kún fún ìṣó, ìṣó kan fún yàrá kan. Ẹni tó bá jáde kẹ́yìn ní yàrá á ti ilẹ̀kùn, á gbé kọ́kọ́rọ́ fún mi, màá fi kọ́ ìṣó. Kọ́kọ́rọ́ tó bá wà lórí ìṣó, yàrá ṣófo nìyẹn. Kọ́kọ́rọ́ tí kò bá sí níbẹ̀, èèyàn wà nílé. Mo lè jókòó sórí àga mi kí n sọ ibi tí èèyàn wà àti ibi tí kò sí, láìdìde. Mo máa ń fi yangàn fún àwọn pọ́tà yòókù.

Ọdún kejì tí mo débẹ̀ ni Àpólò wọlé. Àrùn ojú ni, Mọ́rẹ́nikẹ́. Ojú á pọ́n, á máa ta èèyàn, ipin á dí i pa láàárọ̀. Gbogbo wa la gbà pé bí o bá ti wo ojú ẹni tó ní in báyìí, ó ti ràn ọ́ nìyẹn. Mo wá ṣe àṣìṣe mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, mo sì fẹ́ fún ọ ní ẹ̀kọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkíní, ti bírò. Ọ̀gá họ́sítẹ́ẹ̀lì ní kí gbogbo ẹni tó ń wọlé máa kọ orúkọ sínú ìwé, kí á lè mọ ẹni tó ń ṣe. Mo so bírò kan mọ́ tábìlì pẹ̀lú okùn, kí wọ́n má baà gbé e lọ. Ẹni tí ojú ń ta á fi ọwọ́ nu ojú, á mú bírò, á kọ orúkọ. Ẹni tó tẹ̀ lé e á mú bírò kan náà, kò ní rìn jìnnà kí òun náà tó nu ojú. Èmi yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n má baà wo ojú wọn, mo rò pé mo gbọ́n. Nígbà tí nọ́ọ̀sì wá wò wá, ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Bọ̀dá, bírò mélòó lẹ ní níbí?" Ìtìjú bá mi. Ohun tí mò ń sá fún kò lè ṣe mí ní nǹkan kan, èyí tí mo fi okùn so mọ́ tábìlì fúnra mi ló ń pín àrùn kiri.

Nítorí náà ni mo ṣe bi ọ́ lọ́jọ́sí, tí o ní mo ti tún bẹ̀rẹ̀. O ní ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ẹ̀ka yín máa ń fi ẹ̀rọ wọn iwájú orí gbogbo olùkọ́, á bu oògùn ìfọwọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ á wá kọ orúkọ sínú ìwé kí ẹ tó wọlé. Bírò ta ni? O ò dá mi lóhùn títí di òní. Mú tìrẹ dání. Bẹ́ẹ̀ ni kí o máa wá nǹkan tí gbogbo yín jọ ń fọwọ́ kàn tí ẹnikẹ́ni ò kà sí, ìbáà jẹ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn, ìbáà jẹ́ ife omi.

Èkejì, ti orúkọ. Mo kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ojú rẹ̀ pọ́n sórí bébà ńlá, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ẹnu ọ̀nà. Mo ní kí àwọn tó kù lè ṣọ́ra ni. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, awò dúdú ti wà lójú ìdajì họ́sítẹ́ẹ̀lì. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe ò wá sọ fún mi mọ́, wọn ò lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, nítorí wọ́n ti ń pe àwọn orí bébà ní Ojú Iná níbi tí wọ́n ti ń jẹun. Ìyá rẹ sọ fún mi pé o fẹ́ kọ orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ tí Kòrónà mú sórí Wasáàpù, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lè máa gbàdúrà fún wọn. Mo mọ̀ pé inú rere ni. Inú rere ni tèmi náà. Pè wọ́n ní ìkọ̀kọ̀, béèrè ohun tí wọ́n nílò, kí o sì jẹ́ kí àdúrà máa lọ láìsí orúkọ, Ọlọ́run mọ àdírẹ́sì wọn.

Ìyá rẹ ti wá dúró lẹ́yìn mi báyìí, ó ń ka ohun tí mò ń kọ, ó ní kí n má fi òun ṣe ẹlẹ́jọ́wẹ́wẹ́. Mo ní kó lọ jókòó. Ó tún ní kí n sọ fún ọ kí o máa jẹun kí o tó kọ́ kíláàsì òwúrọ̀, ojú rẹ ti ń jìn. Mo ti sọ ọ́.

Nítorí ẹ̀kẹta ni mo ṣe ń fa ẹsẹ̀ láti àárọ̀.

Ọmọ kan wà ní yàrá kẹrìnlélógún, lókè, ní apá ẹ̀yìn tó dojú kọ ọ̀sà. Ojú tirẹ̀ pọ́n lẹ́yìn tí mo ti lẹ bébà mọ́ ògiri. Kò fẹ́ kí orúkọ òun dé ibẹ̀. Ó bẹ ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá pé kó ti òun mọ́lé láti ìta, kó gbé kọ́kọ́rọ́ fún pọ́tà, kí gbogbo èèyàn lè rò pé òun ti lọ sílé. Ìsinmi ráńpẹ́ ti dé nígbà yẹn, họ́sítẹ́ẹ̀lì ti ń tú. Ọ̀rẹ́ náà ní òun ń sáré dé ilé, ọ̀la lòun ń bọ̀. Nígbà tó délé, ojú tirẹ̀ náà pọ́n, àwọn òbí rẹ̀ ò jẹ́ kó jáde mọ́, kò sì sọ ohun tó ṣe fún wọn. Kò sí fóònù nígbà náà.

Èmi ló gbé kọ́kọ́rọ́ yẹn fún. Mi ò wo ojú rẹ̀. Mo yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo na ọwọ́, mo gbà á, mo fi kọ́ ìṣó, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé pé yàrá kẹrìnlélógún ti lọ sílé. Ká ní mo wò ó ni, màá ti mọ̀ pé irọ́ ló ń pa. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, èmi ò sì wojú.

Lọ́jọ́ kẹta, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ nǹkan lára páìpù omi tó gba ẹ̀yìn tábìlì mi lọ sókè. Kò, kò, kò. Á dákẹ́. Kò, kò, kò. Mo yíjú wo pátákó, gbogbo kọ́kọ́rọ́ apá ibẹ̀ ló wà lórí ìṣó. Kò sí èèyàn lókè. Mo ní afẹ́fẹ́ inú páìpù ni, nítorí omi ò yọ dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn. Lọ́jọ́ kẹrin, mo tún gbọ́ ọ. Ó ń dà mí láàmú, mo bá yí rédíò mi sókè.

Ìyá Ràfíù, obìnrin tó ń gbá ilẹ̀ họ́sítẹ́ẹ̀lì, ló dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ lọ́jọ́ karùn-ún. Ó ní, "Bọ̀dá Pọ́tà, ta ló ń kan nǹkan lókè?"

Mo ní, "Afẹ́fẹ́ inú páìpù ni, Ìyá."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Afẹ́fẹ́ wo ló ń kàn lẹ́ẹ̀mẹta, tó ń sinmi, tó tún ń kàn lẹ́ẹ̀mẹta? Ẹ dìde jàre."

Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, ọmọ náà wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù, ṣíbí wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi aṣọ di ojú. Ó ti kán omi ewé kan tí ẹnìkan júwe fún un sójú méjèèjì. Gàárì tó kù ní yàrá ti tán, omi inú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó ti pariwo lójú fèrèsé títí ohùn rẹ̀ fi lọ, ọ̀sà nìkan ló wà níbẹ̀. Ó ní, "Ta nìyẹn?" Ìyá Ràfíù ló dá a lóhùn. Wọ́n rí ojú ọ̀tún gbà là ní ilé ìwòsàn. Dókítà ní ká ní a gbé e dé ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ó ṣeé ṣe kí ti òsì náà là.

Mọ́rẹ́nikẹ́, Bọ̀dá Káyọ̀dé ni. Bọ̀dá Káyọ̀dé tó kọ́ ọ ní ìṣirò ní Sùúrùlérè ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, títí o fi mọ̀ ọ́n ju àwọn ọkùnrin kíláàsì rẹ lọ. Ilé ìwòsàn ni mo ti ń lọ kí i títí ó fi di ọmọ ilé. Ṣé o rántí bó ṣe máa ń yí gbogbo orí kó tó lè wo ìwé rẹ? O jẹ́ ọmọ ọdún méje nígbà tí o bi í níwájú mi pé, "Bọ̀dá, kí ló ṣe ojú yín?" Mo jágbe mọ́ ọ, mo ní ọmọdé kì í bi àgbà ní irú ìyẹn. O sunkún. Èmi tí mo ń bi gbogbo ayé léèrè, ìbéèrè kan ṣoṣo tí mo gbà lẹ́nu rẹ nìyẹn, nítorí pé èmi ni ìdáhùn rẹ̀. Ọmọ mi, dárí jì mí.

Káyọ̀dé mọ gbogbo ìtàn yìí, àfi ọ̀rọ̀ páìpù. Ohun tí mo rò ní gbogbo ọdún wọ̀nyí nìyẹn. Mo jẹ́ kó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo ṣílẹ̀kùn. Lánàá, lẹ́yìn ìsìn orí rédíò, mo gbé fóònù, mo pè é. Mo sọ fún un pé mo gbọ́ ṣíbí rẹ̀ fún ọjọ́ méjì, mo sì yí rédíò sókè. Ó wá ní, "Bàbá, mo ti mọ̀. Mò ń gbọ́ rédíò yín láti inú páìpù. Mo mọ ìgbà tí ẹ yí i sókè. Mo kàn ń dúró kí ẹ sọ ọ́ ni." Ó wá ń tù mí nínú, òun tí mo ṣẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ mi, mi ò mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Ó lè jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lóòótọ́. Tó bá jẹ́ òun, kí lo pàdánù nínú pé o béèrè? Ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo ló ń wọlé lẹ́ẹ̀mẹta, tó ń sinmi, tó tún dé ní kíláàsì tó tẹ̀ lé e, tó tún wọlé lẹ́ẹ̀mẹta? Ẹni tí ilé ẹ̀kọ́ ti sú kì í padà wá kàn lẹ́ẹ̀kejì. O ní Mùṣin ló ń gbé. Fáìlì rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ, nọ́ńbà òbí tàbí alágbàtọ́ á wà níbẹ̀. Pè wọ́n. Tí wọn ò bá gbé e, bi ẹni tó jẹ́ olórí kíláàsì wọn bóyá ẹnìkan mọ ilé. Tó bá sì di dandan, bọ́ sọ́nà. Fi ìbòmú rẹ sí, dúró níta, má wọlé, má jókòó, má gba omi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wo ojú ọmọ náà láti òkèèrè, kí o sì bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Wíwojú ò ní fún ọ ní àrùn. Ojú ọmọ ọlọ́mọ ni mo fi kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn.

Má gbàgbé àwọn mẹ́rin yòókù. Mi ò ní kí o má yọ orúkọ wọn, mi ò sì ní kí o rú òfin ẹ̀ka yín. Ohun tí mò ń wí ni pé kí o má ṣe fi orúkọ ẹnikẹ́ni kọ́ ìṣó láì kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ mi ti pọ̀ jù, ìyá rẹ ní ẹ̀wà ń tutù. Tí o bá ti rí Bùkọ́lá, pè mí, ìgbà yòówù kó jẹ́. Fóònù á wà lórí tábìlì lọ́dọ̀ mi. Mo ti pa rédíò.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.